Ìdun Inú Ìrọ̀rí

Bí ẹ bá dé àdúgbò náà tí ẹ béèrè aránṣọ, wọn á bi yín pé èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè Ìyá Onírọ̀rí, kíá ni wọ́n á nawọ́ sí ilé kan tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, níbi tí ẹ ti máa gbọ́ ìró máṣìnì kí ẹ tó rí ẹni tó jókòó tì í. Obìnrin náà ò ta ìrọ̀rí rárá. Aṣọ ló ń rán, ó sì ti ń rán an láti ìgbà tí orí rẹ̀ ò tíì ní ewú kankan.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú ń rí lọ́wọ́ àwọn aránṣọ. Ẹ ó gbé aṣọ fún wọn, wọn á ní kò ní í tó. Ẹ ó rà kún un. Nígbà tó bá yá, ẹ ó rí ọmọ wọn nínú búláòsì tó jọ aṣọ yín bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n, bí ẹ bá sì béèrè, wọn á ní ṣebí ọjà kan náà ni gbogbo wa ń ná. Ìyá yìí kórìíra irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ikú lọ. Gbogbo ègé tó bá já bọ́ lẹ́nu sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ló ń kó jọ fún ẹni tó ni aṣọ. Á fi èyí tó fẹ̀ jù nínú wọn rán ìrọ̀rí kékeré, á ki ìyókù sínú rẹ̀, á wá gbé e lé orí aṣọ tó ti lọ̀ tán. "Aṣọ yín rèé," ló máa ń wí, "títí dórí èyí tí sísọ́ọ̀sì jẹ." Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á gbé ìrọ̀rí ọ̀fẹ́ rẹ̀ lọ sílé, òkìkí ìyá á sì tún kàn sí i. Òkìkí yẹn ni gbogbo ohun tó ní. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé tó ń gbé kì í ṣe tirẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì ti lọ sílé ọkọ.

Ó ní òfin kan tí kì í fi ṣeré: oníbàárà kì í rí ẹ̀yìn aṣọ. Ẹ̀yìn aṣọ ni kókó òwú wà, ibẹ̀ ni àmì ṣọ́ọ̀kì wà, ibẹ̀ ni àṣìṣe tí aránṣọ tú tó tún rán wà. "Ojú aṣọ ni tiwọn," ló máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ abẹ́rẹ́. "Ẹ̀yìn ẹ̀, tèmi tìẹ ni." Ọmọ náà gbọ́ràn, ó sì mọ aṣọ rán, àmọ́ ọwọ́ òsì ló ń lò, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ a sì máa dagun síbi tí ti ìyá rẹ̀ kì í dagun sí. Ìyá bẹ̀ ẹ́ títí, ó nà án títí, nígbà tó yá ó fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run bá dá ní olówó òsì, ta ló máa tún un dá?

Ọmọ yìí bí ọmọbìnrin lántìlanti lọ́dún tí mo ń wí yìí, ìyá sì pinnu pé òun máa rán ìrọ̀rí kan tó ju gbogbo ìrọ̀rí lọ fún un, gbọọrọ, èyí tí á máa gbé ọmọ lé bó bá ń fún un lọ́mú. Ègé aṣọ nìkan kò ní í ṣe é, torí ègé aṣọ a máa ṣe kókó. Ló bá ya ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ àga tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, ẹni tó ń tú àga àtijọ́ tó ń fi awọ tuntun bò ó. Ọkùnrin náà ní fóòmù ẹ̀kún àpò tó ti fà yọ nínú àga àwọn ènìyàn. "Ẹ máa kó o lọ, ìyá, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀," ló wí. Ìyá dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ ilé. Ó fa fóòmù náà ya wẹ́wẹ́, ó ki í sínú ìrọ̀rí ọmọ rẹ̀, ó rí i pé ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù díẹ̀díẹ̀ sínú ti àwọn oníbàárà pẹ̀lú. Ó ti àpò tó kù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tó ti ń jókòó lórí àga wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀.

Apá ló kọ́kọ́ yún un. Ó ní ẹ̀fọn ni, ó ta àwọ̀n. Ọrùn tún yún un, lẹ́yìn náà ìbàdí, ó sì rí i pé ibi tó wú kò wú káàkiri bí ti ẹ̀fọn. Ó tò tẹ̀ léra wọn, tínrín, bí ìgbà tí máṣìnì bá gba ojú aṣọ kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó sì rí kóró kan ní etí tìmùtìmù, ó pupa rúsúrúsú, ó pẹlẹbẹ. Kóró náà rìn. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ta sí aṣọ funfun, òórùn burúkú kan sì gba imú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni.

Ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ ṣe: ó ti fèrèsé. Kò wá oògùn, kò wá omi gbígbóná. Fèrèsé ló kọ́kọ́ tì, bí ẹni pé kóró yẹn lè kígbe sí ojú títì. Ìdun! Nínú ilé òun! Ìdun ò mọ olówó, kò mọ ọ̀bùn, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ibi tí ènìyàn bá sùn sí ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa lọ ṣàlàyé ìyẹn fún àdúgbò? Lẹ́nu tiwọn, ọ̀bùn nìkan ló ń ní ìdun. Bí wọ́n bá gbọ́, ta ni yóò tún gbé aṣọ rẹ̀ wọ yàrá yẹn? Ta ni yóò gba aṣọ tó bá jáde níbẹ̀ sára? Ikú yá ju ẹ̀sín. Ó rí ara rẹ̀ níwájú máṣìnì tí kò dún mọ́, nínú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀rù sì bà á débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí kò fẹ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó lọ ra oògùn kòkòrò alágolo ní ọjà tó jìn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Ó fín in títí ojú rẹ̀ fi ń ta. Ó da omi gbígbóná sí ojú pákó bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sínú agolo kerosíìnì. Yàrá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó yára dúpẹ́. Oògùn yẹn ò pa wọ́n. Ó lé wọn ni. Wọ́n kó kúrò ní yàrá, wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n bọ́ sí iwájú níbi tí aṣọ àwọn ènìyàn gbé kọ́.

Ọjọ́ tó mọ èyí ni ọjọ́ tó ń wọn ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn òpópó. Obìnrin ńlá ni, ó nawọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kàn mọ́ ògiri, ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn olùkọ́ tó ń pẹ́ dé. Ìyá ti fi téèpù yí i nídìí ká nígbà tó rí i: ìdun kan, ó yó, ó ń rìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ lórí kọ́là ọ̀gá, ó kọjú sí ọrùn. Bó bá kígbe, ó parí. Bó bá dákẹ́, kọ́là yẹn ò jìnnà sí ara. Ó na ọwọ́, ó gbá a mú bí ẹni ń gbọn eruku, ó fún un pa láàrin àtẹ́lẹwọ́.

"Kí nìyẹn?" ni ọ̀gá béèrè.

"Òwú ni, màmá. Òwú ló lẹ̀ mọ́ yín."

"Ẹ̀yin aránṣọ àti òwú," ni ọ̀gá wí, ó rẹ́rìn-ín. "Inú oúnjẹ yín gan-an, òwú á máa wà níbẹ̀."

Ìyá bá a rẹ́rìn-ín. Ó di ìkúùkù títí obìnrin náà fi lọ, òórùn yẹn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọṣẹ, lẹ́yìn ọṣẹ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé tìmùtìmù sá sóòrùn lẹ́yìnkùlé. Oníbàtà tí wọ́n jọ pín ẹ̀yìnkùlé, tó ń lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà lábẹ́ ìbòòji, gbójú sókè.

"Ìyá Onírọ̀rí, ṣé bẹ́ẹ̀dì yín ṣàìsàn ni? Ojoojúmọ́ lẹ ń gbé e wá gba oòrùn."

"Oòrùn dáa fún fóòmù," ni ìyá dáhùn.

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń tọ̀ sí i? Ẹ sọ fún mi o, mi ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi gbogbo ayé."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí, àmọ́ ìyá ò gbọ́ ẹ̀rín náà. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́. Fóòmù. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó fa àpò oníṣẹ́ àga jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ó tú ẹnu àpò. Fóòmù náà ní àmì dúdú wínníwínní káàkiri, bí ẹni pé wọ́n ta yíǹkì sí i, àwọn àmì kan sì ń rìn. Kékeré wà níbẹ̀, ńlá wà níbẹ̀, ẹyin funfun wà nínú ihò fóòmù bí iyọ̀. Gbogbo ọjọ́ tó fi ń da omi gbígbóná sí bẹ́ẹ̀dì, ète ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Ó wọ́ àpò náà lọ sí ààtàn, ó da kerosíìnì sí i, ó ṣáná sí i. Bó ṣe ń wo iná náà ni ó ronú kan ìrọ̀rí. Ó ti bu fóòmù yẹn sínú ìrọ̀rí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó ti bù ú sínú ti ìyàwó onígbàjámọ̀ àdúgbò. Èyí tó sì kún jù, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ́ títí kò fi gba nǹkan kan mọ́, ilé ọmọ rẹ̀ ló wà, lábẹ́ ọmọ ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tó jẹ́. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé, ìyá rẹ̀ ló sì ń bá wọn gbé. Ìyá ọkọ yìí ti jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ṣì máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá aṣọ bẹ́ẹ̀dì kọjá kó tó jókòó, ó sì máa ń wo ìka rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọjọ́ ìgbéyàwó, ó wo ìṣẹ́tí aṣọ ìyàwó kó tó wo ojú ìyàwó. Bí obìnrin yẹn bá mọ ibi tí ìdun ti wá, ojú wo ni ọmọ òun yóò fi máa wò ó nínú ilé náà títí ayé? Ìbẹ̀rù yìí ju ti àdúgbò lọ.

Torí náà, ó kọ́kọ́ sáré lọ síbi tó rọrùn. Ó sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé òun fẹ́ fi òwú oníwúrà kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ìrọ̀rí. Inú ẹ̀yìn mọ́tò ni ìrọ̀rí náà wà. Ọ̀gá fún un pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní kó má gbàgbé oyè òun.

Ilé onígbàjámọ̀ ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń họ apá, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ bí ẹni tí kò sùn.

"Ẹ máa wo ara mi, ìyá," ló wí. "Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ló dọ̀tí, mo ti ń lo oògùn. Ọkọ mi ní irọ́ ni, ó ní ọṣẹ tuntun tí mo rà ni. Tìtorí ọṣẹ, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ láti àná."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ìyá wí. "Ìrọ̀rí yẹn... mo fẹ́ tún etí ẹ̀ rán. Òwú tí mo lò ò dáa."

"Ẹ̀yin náà! Nǹkan ọ̀fẹ́ tẹ́ ẹ fún èèyàn, ẹ tún ń tọ́jú ẹ̀." Ó wọlé lọ gbé e wá, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti gbé e. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ilé yín mọ́ ju ti gbogbo wa lọ. Kí lẹ máa ń lò?"

"Omi gbígbóná," ni ìyá dáhùn. Òtítọ́ kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó gbé ìrọ̀rí sábẹ́ apá, ó sì ń rìn bí ẹni tí ajá ń lé, láìwẹ̀yìn, ohùn obìnrin náà ń dún létí rẹ̀ pé tìtorí ọṣẹ, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ó mọ òwe náà dáadáa. Kò tíì gbọ́ ọ rí kó jẹ́ pé òun gan-an ló fi kòkòrò sí ẹnu wọn.

Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó bi í bóyá gbogbo wọn wà dáadáa. "Kò sí nǹkan, màámi," ni ọmọ wí, ohùn rẹ̀ sì kúrú. Kó tó mọ irọ́ tó máa pa láti gba ìrọ̀rí yẹn, fóònù rẹ̀ tún dún. Ìyá ọkọ ni. "Ìyá ìyàwó, ẹ máa bọ̀ nílé wa lónìí," ló wí. Kò kí i, kò béèrè àlàáfíà, ó sì pa fóònù.

Kí ìyá tó wọ aṣọ rẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ gbogbo ojú ìrán rẹ̀, inú àti ẹ̀yìn, kí ohunkóhun má bàa bá a lọ. Nínú ọkọ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó tì í, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó gbàdúrà pé kó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kó jẹ́ pé ọkọ ń wá ìyàwó kejì, kó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kó lọ sílùú mìíràn. Ẹ gbọ́ àdúrà tí ìyá ń gbà fún ọmọ rẹ̀.

Òórùn oògùn kòkòrò pàdé rẹ̀ lójú títì. Tìmùtìmù wà níta, wọ́n ti fi ọ̀bẹ ya inú rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ńlá kan wà nílẹ̀, wọ́n ti dì í, ìrọ̀rí gbọọrọ náà sì wà lórí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó sorí kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ọwọ́ ìyá ọkọ ni ọmọ ọwọ́ wà.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá ìyàwó. Ẹ wá wo ọrùn ọmọ yìí."

Ìyá wò ó. Ibi tó wú pupa tò tẹ̀ léra wọn, tínrín, ní ọrùn tí kò tóbi ju ọwọ́ àgbà lọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìdun ni," ni ìyá ọkọ wí. "Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, ìdun ò jẹ àlejò mi rí. Inú ilé mi ló wá jẹ ọmọ ọmọ mi sí. Mo bi ọmọ yín pé níbo ló ti rí i, kò dáhùn. Mo ní ṣé aṣọ àlòkù ló rà, kò dáhùn. Ẹni tí ò bá jẹ̀bi, á fọhùn."

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mi ò bá yín jà o. Ilé tiyín mọ́, gbogbo ayé ló mọ̀. Bí ọmọ ṣe ti irú ilé yẹn wá tó wá ya ọ̀bùn, ohun tí ò yé mi nìyẹn. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ara yín, kó lọ tún ìmọ́tótó kọ́. Ọmọ ọwọ́ á dúró tì mí. Mo ti bá ọkọ ẹ̀ sọ ọ́, ó ní bí mo bá ṣe wí."

"Ọyàn ńkọ́?" ni ìyá béèrè. "Ọmọ ò tíì já lẹ́nu ọmú."

"Wàrà wà nínú agolo."

Lórí àpótí, èjìká ọmọ rẹ̀ ń mì. Ìyá sì dúró síbẹ̀, ẹ̀rù sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó kórìíra bó ṣe ń mọ̀ ọ́n lára: ara tù ú. Wọn ò mọ̀. Ilé tiyín mọ́, gbogbo ayé ló mọ̀. Bó bá dákẹ́, ó kù kó mú ọmọ rẹ̀ lọ, kó gbé ìrọ̀rí náà sábẹ́ apá bó ṣe gbé ti àwọn yòókù, kó lọ jó o ní ààtàn, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìrọ̀rí náà. Ọwọ́ aránṣọ kì í sinmi. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti gba etí ìrọ̀rí kọjá kó tó mọ̀. Ó dúró. Ó tún un gbà kọjá. Ojú abẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ó ṣe déédéé, ó fún dáadáa, ó sì dagun sí apá òsì. Aṣọ ara ìrọ̀rí ti ṣá, bí aṣọ tí wọ́n sè. Inú rẹ̀ ò sì rọ̀ múlọ́múlọ́ mọ́: kókó-kókó ni, àkísà lásán, kò sí fóòmù kankan nínú rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ti tú u. Ó ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ti sun ún, ó ti se aṣọ rẹ̀, ó ti tún un rán kí ẹnikẹ́ni má bàa béèrè ibi tí ìrọ̀rí wọlé sí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, ìdun ti bọ́ sínú tìmùtìmù. Wọ́n pè é ní ọ̀bùn, ó gbà. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dákẹ́. Ìyá gbójú sókè, ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Ọmọ náà mi orí díẹ̀, báyìí, pé rárá, ẹ má sọ ọ́.

Ìyá kúnlẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Àna mi, èmi ni mo gbé e wá sílé yín."

"Ẹ gbé kí ni wá?"

"Ìdun. Fóòmù àga àtijọ́ ni mo kì sínú ìrọ̀rí yìí. Ilé mi kún fún un. Ó ti kún fún un ọjọ́ ti pẹ́. Ìyàwó yín ò ṣe nǹkan kan. Ó mọ̀, ó kàn ń bò mí láṣìírí ni."

Ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìyá ọkọ ò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Ilé Ìyá Onírọ̀rí," ló wí nígbẹ̀yìn, bí ẹni tí kò gba etí rẹ̀ gbọ́. "Àwọn yòókù tẹ́ ẹ fún ní ìrọ̀rí ńkọ́?"

"Mo ti gbà á padà."

"Ẹ sọ fún wọn?"

"Mi ò sọ."

"Ẹ gba ìrọ̀rí, ẹ wá fi ìdun sílẹ̀ fún wọn."

Orí ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n lé òun jáde, ó sì ń retí kí wọ́n ju báàgì náà tẹ̀ lé òun. Ohun tó gbọ́ ni ẹsẹ̀ tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, gba ọmọ ẹ," ni ìyá ọkọ wí. "Ebi ń pa á."

Kò bẹ̀bẹ̀ o. Irú wọn kì í bẹ̀bẹ̀. Ó kàn gbé báàgì náà nílẹ̀, ó ń mí gúlegúle, ó gbé e padà sínú yàrá. Nígbà tó jáde, ó dúró lé ìyá lórí. "Ẹni bá bi mí, màá sọ ọ́. Mi ò ní í fi bò fún yín."

"Ẹ sọ ọ́, àna mi," ni ìyá wí.

Ọmọ rẹ̀ sìn ín dé ojú títì, ọmọ ọwọ́ ti mú ọmú, ó dákẹ́.

"Kí ló dé tó ò sọ fún wọn?" ni ìyá béèrè. "Wọ́n ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ, o dákẹ́!"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Màámi, ẹ̀yin náà lẹ ní oníbàárà kì í rí ẹ̀yìn aṣọ."

Kò sọ ọ́ láti fi bú u. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ìyá fọwọ́ kan ọrùn ọmọ ọwọ́ níbi tó wú, ó sì yípadà kí ọmọ rẹ̀ má bàa rí ojú òun.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó dé àdúgbò. Oníbàtà kí i, ó dáhùn, kò dúró. Ó kọjá ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé rẹ̀, kò wọlé. Ó lọ tààrà sí ilé onígbàjámọ̀. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi gbà láti kàn án.

Ìyàwó onígbàjámọ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ kan họ èkejì.

"Háà, ìyá! Ẹ ti tún ìrọ̀rí mi rán tán?"

"Rárá," ni ìyá wí. Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ pe ọkọ yín wá. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jáde wá bá mi níta níbí. Mi ò fẹ́ wọlé yín."